Ibi Tí Líǹkì Ń Sá Sí: Àkọsílẹ̀ Gúrúùpù Olùkọ́ Kan Ní Èkìtì

Gúrúùpù WhatsApp kan ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Olùkọ́ ni gbogbo wọn: àwọn tó ń kọ́ Yorùbá, àwọn tó ń kọ́ CCA (àṣà àti iṣẹ́ ọnà) ní JSS, àti díẹ̀ tó ń kọ́ Ìtàn. Ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Emùré àti Adó-Èkìtì ni wọ́n ti wá. Ọdún 2020 ni wọ́n dá a sílẹ̀, nígbà tí kòrónà ti ilé ẹ̀kọ́ pa, tí kálukú ń wá ohun tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọmọ lórí fóònù òbí. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ ṣí padà, gúrúùpù náà kò tú; ṣe ló tún ń gbòòrò sí i. Wọ́n yọ̀ǹda fún mi kí n kọ ìtàn wọn, wọ́n kàn ní kí n má dárúkọ olùkọ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ kankan.

Iṣẹ́ tèmi ni títo ìwé àti ìsọfúnni. Mo ti rí irú gúrúùpù báyìí lọ́pọ̀, ti ọmọ ìlú, ti ìjọ, ti ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ohun kan náà ló sì ń ṣe gbogbo wọn. Ìsọfúnni ò wọ́n wọn. Ohun tí ọwọ́ wọn ti tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí ni wọn kì í rí mọ́.

Ẹ wo ohun tó ń wọ inú gúrúùpù àwọn olùkọ́ yìí. Líǹkì YouTube tí bàbá kan ti ń sun rárà. PDF ìbéèrè WAEC àti NECO àtijọ́. Ìròyìn láti BBC Yorùbá. Àyọkà láti Wikipedia Yorùbá. Àwòrán ère àti òpó ilé láti ilé ọnà òkè òkun. Fọ́tò ètò iṣẹ́ sáà tí ẹnìkan yà lórí tábìlì, tí ìka rẹ̀ sì bo ọ̀sẹ̀ kẹrin. Láàárín gbogbo rẹ̀, "Ẹ kú ọ̀sẹ̀ o" àti àdúrà òwúrọ̀ tí kì í tán.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyá kan tó jẹ́ olórí ẹ̀ka Yorùbá ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní líǹkì ilẹ̀kùn Ọlọ́wẹ̀ tí wọ́n fi síbí lọ́jọ́sí? SS1 ni mo fẹ́ fi kọ́ lọ́la." Ẹnìkan dáhùn pé, "Ó wà lókè, mà, ẹ yí i sókè." Ẹlòmíràn ní òun ti nu ohun tó wà lórí fóònù òun kúrò torí àyè. Ẹnì kẹta fi líǹkì kan ránṣẹ́, ilẹ̀kùn mìíràn ni. Ẹnì kẹrin ní kí gbogbo wọn kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ọ̀rọ̀ pin síbẹ̀. Màmá kọ́ ọmọ ní ọjọ́ kejì láìsí àwòrán kankan.

Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti fi líǹkì yẹn, ti ilẹ̀kùn tí Ọlọ́wẹ̀ agbẹ́gilére gbẹ́, síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Àsìkò tí ọ̀rọ̀ wọlé ni WhatsApp fi ń tò ó. Bó bá ti di ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti di ìsàlẹ̀ òkìtì. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kì í sábà rí ohun tó ti kọjá. Ẹni tí fóònù rẹ̀ kéré á nu tirẹ̀ nù. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a gbọ́dọ̀ rántí ọ̀rọ̀ tí ẹni tó fi í ránṣẹ́ kọ sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò kọ nǹkan kan. Líǹkì gbalaja ni wọ́n jù síbẹ̀.

Wọ́n ti gbìyànjú kí n tó dé. Olùkọ́ kọ̀ǹpútà kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó láápọn, la fóldà kan sórí Google Drive, ó pín in láti JSS1 dé SS3, ó tún pín kíláàsì kọ̀ọ̀kan sí sáà mẹ́ta. Ó lo ìsinmi Kérésìmesì kan láti kó ohun tó wà nínú gúrúùpù lọ síbẹ̀. Fún bíi sáà méjì, ó ṣiṣẹ́. Ìṣòro tó kọ́kọ́ yọjú kéré: oríkì kan wúlò fún JSS2, ó tún wúlò fún SS1, fóldà kan ṣoṣo ni wọ́n sì rò pé ó lè wà. Wọ́n bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹnìkan tún àṣìṣe inú ẹ̀dà kan ṣe, ìkejì wà bó ṣe wà. Kò pẹ́ tí wọn ò fi mọ èwo ni ojúlówó.

Ìṣòro ńlá ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà jápa. Kò sí ìkà níbẹ̀ rárá. Gígábáìtì 15 ni Google ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, Drive, Gmail àti fọ́tò ló sì jọ ń pín in. Ó dé Kánádà, àyè kún, ó wo ohun tó ń gba àyè jù, ó rí fóldà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tán lójú rẹ̀, ó jù ú nù. Ìsinmi gígùn ni, olùkọ́ kankan ò ṣí fóldà. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni Drive fi ń tọ́jú ohun tí a jù sínú pàǹtí kó tó pa á rẹ́ pátápátá. Nígbà tí wọ́n fi wọlé ní oṣù kẹsàn-án, ọgbọ̀n ọjọ́ ti kọjá. Fáìlì tí ẹlòmíràn fúnra rẹ̀ gbé wọlé kò parun, torí ẹni tó gbé fáìlì wọlé ni olóhun; ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ló gbé èyí tó pọ̀ jù wọlé.

Lẹ́yìn èyí, kálukú padà sí ọ̀nà tirẹ̀. Obìnrin kan nínú wọn ti ń tọ́jú líǹkì tirẹ̀ sórí ojúlé kan tó wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ń fi táàgì, orúkọ kúkúrú tí a fi ń wá nǹkan, sí wọn dáadáa. Òun ló wà létòlétò jù nínú gbogbo wọn. Ilé iṣẹ́ tó ni ojúlé náà kéde pé àwọn fẹ́ kógbá sílé. Wọ́n fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i. Ó rò pé gbájúẹ̀ ni, kò ṣí i.

Ohun tó ṣe é yìí kì í ṣe àkọ́kọ́. Ọdún 2003 ni Joshua Schachter gbé Delicious, ojúlé ìtọ́jú líǹkì, jáde, òun ló sì mú kí táàgì mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára: dípò kí o fi líǹkì sínú fóldà kan ṣoṣo, o lè fún un ní orúkọ mẹ́ta, mẹ́rin, kí o sì rí i láti ẹnu ọ̀nà èyíkéyìí. Yahoo rà á ní 2005, ó tà á ní 2011. Nígbà tó di 2017, Pinboard, tí wọ́n jọ ń bá ara wọn figagbága tẹ́lẹ̀, rà á, kò sì gba líǹkì tuntun mọ́. Google Reader, tí àwọn ènìyàn fi ń gba ìròyìn tuntun láti orí ojúlé oríṣiríṣi sí ojú kan, bẹ̀rẹ̀ ní 2005, wọ́n tì í ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 2013. Pocket, tí àwọn ènìyàn fi ń tọ́jú àyọkà de ìgbà tí wọ́n á kà á, tó sì ti wà láti 2007, kógbá sílé ní oṣù keje 2025. Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa irinṣẹ́ ni bí ẹrù ṣe ń jáde níbẹ̀. Bí kò bá lè kó gbogbo líǹkì jáde sínú fáìlì lásán, HTML tàbí CSV, tí irinṣẹ́ mìíràn lè kà, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti kó ọdún mẹ́ta iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, bó ti wù kó dán tó.

Nígbà tí wọ́n pè mí, ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí n yan irinṣẹ́ fún wọn. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi kó ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù náà jáde. WhatsApp fàyè gba èyí: ó lè fi ọ̀rọ̀ inú gúrúùpù kan tó wà lórí fóònù ẹnìkan ránṣẹ́ bíi fáìlì ọ̀rọ̀ lásán. Ádímínì kan tí kì í nu fóònù rẹ̀ ni wọ́n lo tirẹ̀. A jókòó sí yàrá olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ìkẹ́rẹ́, èmi, ádímínì yìí, Màmá olórí ẹ̀ka, àti àgùnbánirọ̀ kan tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà níbẹ̀.

A ò ka líǹkì rárá. Gbólóhùn tó ní "ta ló ní", "ẹ jọ̀ọ́", "ẹ bá mi wá" la ń wá, tí a sì ń kọ sínú ìwé. Ibí yìí ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Ètò ẹ̀kọ́ ti pín iṣẹ́ Yorùbá sí èdè, lítíréṣọ̀ àti àṣà, ó sì pín lítíréṣọ̀ sí alohùn àti àpilẹ̀kọ. Bí àwa tí a ń to nǹkan bá rí irú ìpín báyìí, ara wa á yá gágá. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ kan nínú gúrúùpù yẹn tó béèrè nǹkan báyẹn. "Ẹ bá mi wá fídíò ìjálá tí kò gùn, tí kò ní jẹ dátà." "Ta ló ní oríkì Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n kọ sílẹ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kì lẹ́nu?" "Ohun tí mo lè fi kọ́ àṣà ìsìnkú ní JSS3, tí kò ní dẹ́rù ba ọmọ." Kíláàsì, ìlú, bó ṣe gùn tó, iye dátà, bóyá ó ṣe é tẹ̀ síta, àti ohun tí ẹni tó ti lò ó rí níbẹ̀: àwọn nǹkan tí wọ́n ń béèrè nìyẹn. Màmá ka ìwé náà títí, ó ní, "Ṣé ẹ rí i, kò sẹ́ni tó ń wá lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ọ̀la la ń wá."

Látàrí èyí, irinṣẹ́ tí a yàn kò ní ìdán kankan. Google Sheets ni, ṣíìtì tí a fi ń to nǹkan sí ìlà àti kọ́lọ́ọ̀mù, torí gbogbo wọn ní Gmail tẹ́lẹ̀, ó sì ń ṣí lórí fóònù kékeré. Ẹnìkan tó ń ṣe másítà dábàá Zotero, irinṣẹ́ ìtọ́jú ìwé àti líǹkì tó dára tí Yunifásítì George Mason gbé jáde ní 2006, èmi fúnra mi ló ń lò ó. Ṣùgbọ́n orí láptọ́ọ̀pù ni adùn rẹ̀ wà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ní láptọ́ọ̀pù. Ẹ jẹ́ n fi ìlà kan hàn yín, ti ilẹ̀kùn tí Màmá ń wá lálẹ́ ọjọ́sí:

Àkọlé: Ilẹ̀kùn ààfin Ògògà, iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀. Líǹkì: ojú ewé British Museum. Ìlú: Ìkẹ́rẹ́. Kíláàsì: JSS3, SS1. Irú: àwòrán. Dátà: kékeré. Ohun tí mo fi ṣe: "Mo ní kí wọ́n wá ọba, kí wọ́n wá òyìnbó. Mo bi wọ́n pé ta ló jókòó, ta ni wọ́n gbé? Lẹ́yìn náà ni mo sọ fún wọn pé Lọ́ńdọ̀nù ni ilẹ̀kùn náà wà láti 1924. Kíláàsì gbóná."

Kíláàsì á gbóná lóòótọ́. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ bí wọ́n ṣe gbé ìránṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wá sọ́dọ̀ Ògògà, ọba Ìkẹ́rẹ́, sára ilẹ̀kùn yẹn. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924. British Museum fẹ́ rà á, Ògògà kò tà á. Àga ìjókòó ọba tí wọ́n ṣe ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà ní pàṣípààrọ̀. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó gbọ́ èyí kò ní sùn ní kíláàsì. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé kọ́lọ́ọ̀mù tó gbẹ̀yìn, "Ohun tí mo fi ṣe", ni wọ́n ń kà jù. Ènìyàn lè fi Google wá líǹkì. Ohun tí olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ fi líǹkì náà ṣe ní kíláàsì tó dàbí tìrẹ kò sí lórí Google.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ènìyàn ló lè kọ nǹkan sínú ṣíìtì náà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹnìkan fẹ́ fi A-B-D to àkọlé. Kọ́lọ́ọ̀mù àkọlé nìkan ló mú, ó sì tò ó. Líǹkì àti àlàyé dúró síbi tí wọ́n wà. Ẹni tó tẹ oríkì Ògún bá ara rẹ̀ nínú ìbéèrè NECO. Ẹni tó fẹ́ wo òwe bọ́ sórí fídíò ijó. Wọ́n ń pè mí lórí fóònù bí ẹni tí ilé ń jó. Àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá tí Google Sheets máa ń tọ́jú ló kó wọn yọ: a dá ṣíìtì náà padà sí bó ṣe wà ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, wíwò nìkan ni ti gbogbo ènìyàn. Ẹni tó bá ní líǹkì tuntun á kún fọ́ọ̀mù Google, fọ́ọ̀mù á sì já sínú ṣíìtì fúnra rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa iṣẹ́ yìí. Ádímínì, tó fẹ́ kí nǹkan lọ létòlétò, ṣòfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ju líǹkì sínú gúrúùpù mọ́, fọ́ọ̀mù ni kí wọ́n kún. Ìbéèrè mẹ́sàn-án ló wà nínú fọ́ọ̀mù, gbogbo rẹ̀ sì di dandan. Líǹkì dáwọ́ dúró. Kò wọ fọ́ọ̀mù, kò wọ gúrúùpù. Àdúrà òwúrọ̀ nìkan ló ń wọlé. Nígbà tí mo béèrè lọ́wọ́ Màmá, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, mo ń se ọbẹ̀, mo rí fídíò tó dáa, mo fi ránṣẹ́. Ìyẹn tó mi. Ṣé ẹ fẹ́ kí n jókòó máa kọ lẹ́tà sí ìjọba ni?"

A fagi lé òfin náà. Wọ́n dín dandan inú fọ́ọ̀mù kù sí mẹ́ta: líǹkì, kíláàsì, ohun tí mo fi ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ohun tí ó fìdí iṣẹ́ múlẹ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀: wọ́n yan olùṣọ́ ọ̀sẹ̀. Olùkọ́ kan lọ́sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ Jímọ́, olùṣọ́ á yí gúrúùpù sókè, á kó gbogbo líǹkì tó wọlé, á kún fọ́ọ̀mù fún àwọn tí kò kún un, á sì bi ẹni tó fi ránṣẹ́ ní gbólóhùn kan: "Kí lẹ fi ṣe, mà?" Ohùn ni ọ̀pọ̀ fi ń dáhùn, olùṣọ́ á gbọ́ ọ, á kọ ọ́. Bí ẹnìkan bá sì béèrè nǹkan tó ti wà nínú ṣíìtì, wọn kì í bá a wí pé kó lọ wò ó; ìlà rẹ̀ gan-an ni wọ́n á fi ránṣẹ́ sí i. Lẹ́yìn ìgbà tí irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn bíi mélòó kan, òun fúnra rẹ̀ á máa lọ síbẹ̀. Mo ti rí gúrúùpù tó fi òfin lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ síbi irinṣẹ́ tuntun. Ilé ni wọ́n lé wọn lọ.

Táàgì ló kàn. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí àwọn tó ń bá èdè wa ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà fara balẹ̀ kà. Olùkọ́ kan wá "iṣẹ́ ọnà" nínú ṣíìtì, ó rí ìlà díẹ̀. Ẹlòmíràn wá a lórí fóònù tirẹ̀, ìlà mìíràn pátápátá ló rí. Ọ̀rọ̀ kan náà, sípẹ́lì kan náà, lójú ènìyàn. Màmá ní fóònù àwọn ọmọdé wọ̀nyí ti bàjẹ́.

Fóònù kò bàjẹ́. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní kókó nísàlẹ̀ tó tún ní àmì ohùn òkè, kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan. Kíbọ́ọ̀dù kan á kọ ẹ, á wá gbé àmì ohùn U+0301 lé e lórí. Òmíràn á kọ́kọ́ kọ é, á wá fi kókó U+0323 sí i nísàlẹ̀. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, kọ̀ǹpútà tí a kò bá kìlọ̀ fún á sì kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ̀kẹta tún wà: nínú àwọn fáìlì Word àtijọ́, wọ́n máa ń fi ìlà kékeré tó nàró, U+0329, sí abẹ́ lẹ́tà dípò kókó. Ẹ̀kẹrin ni àwọn tí kì í fi àmì sí nǹkan kan, "ise ona", àwọn ló sì pọ̀ jù.

Ìlànà Unicode fúnra rẹ̀ ti pèsè ọ̀nà tí a lè fi sọ àkọ́kọ́ àti ìkejì di ọ̀kan; NFC ni wọ́n ń pe ọ̀kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n NFC kò mọ̀ pé ìlà tó nàró àti kókó ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún Yorùbá. Ohun tí àgùnbánirọ̀ yẹn ṣe ni pé ó kọ ètò kúkúrú kan sínú Apps Script, ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún ẹ̀rọ, tó wà lẹ́yìn ṣíìtì náà. Ètò yìí á tú gbogbo lẹ́tà palẹ̀, á yọ gbogbo àmì tó wà láàárín U+0300 àti U+036F, orí àti ìsàlẹ̀, á sọ lẹ́tà di kékeré, á wá kọ ohun tó kù sínú kọ́lọ́ọ̀mù kan ní ìpẹ̀kun ṣíìtì. Kọ́lọ́ọ̀mù ìwárí ni wọ́n ń pè é. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di "ise ona". Ẹni tó bá fẹ́ wá nǹkan, kó tẹ̀ ẹ́ láìsí àmì, ó tán.

Màmá kọ̀ jálẹ̀. "Ẹ ń yọ àmì kúrò lára Yorùbá? Ohun tí mo ń gé máàkì ọmọ lé lórí nìyẹn!" Kò ṣàṣìṣe láti bínú. Oko, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di ọ̀kan nínú kọ́lọ́ọ̀mù yẹn, àti èyí tí mi ò ní kọ síbí. Ohun tó tẹ́ ẹ lọ́rùn ni pé a fi hàn án pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kan àkọlé àti àlàyé. Àmì wọn pé. Ẹ̀rọ nìkan la bọ́ àmì fún, kí ó lè rìn. Ó gbà, ó sì fi kún un pé ẹni tó bá kọ àkọlé láìsí àmì, olùṣọ́ ọ̀sẹ̀ gbọ́dọ̀ fi sí i kó tó di ọjọ́ Ajé. Ìyẹn náà di ìlànà.

Orúkọ ènìyàn ni kò gbọ́ oògùn yìí. Ọlọ́wẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó di ará Ìsẹ̀, tó sì kú ní 1938, iṣẹ́ rẹ̀ fọ́n káàkiri ayé. Ilẹ̀kùn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Òpó ààfin Ìkẹ́rẹ́ tó gbẹ́ láàárín 1910 sí 1914 wà ní Art Institute of Chicago. Iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn wà ní Metropolitan Museum àti ní ilé ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington. Ojúlé kan ń pè é ní Olowe of Ise, òmíràn ní Olówè, òmíràn ní Olowe Ise, àwọn olùkọ́ wa ń kọ Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀. Wikidata la fi yanjú ìyẹn. Láti 2012 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ìkànnì tó máa ń fún ènìyàn, ìlú tàbí nǹkan kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q, tí gbogbo orúkọ tí wọ́n ń pè é ní gbogbo èdè á sì wà lábẹ́ nọ́ńbà náà. A fi kọ́lọ́ọ̀mù nọ́ńbà sí ṣíìtì, fún ènìyàn àti ìlú nìkan, a ò jẹ́ kó di dandan. Ẹni tó bá tẹ nọ́ńbà Ọlọ́wẹ̀ á rí Lọ́ńdọ̀nù, Chicago àti fídíò tí ẹnìkan yà ní Ìsẹ̀ lójú kan náà. Ẹnikẹ́ni ló lè fi orúkọ Yorùbá kún Wikidata, àwọn olùkọ́ mélòó kan sì ti ń ṣe é fún ìlú wọn.

Nígbà tí a padà wá ka àwọn líǹkì àtijọ́ náà, púpọ̀ ti kú. Kò yà mí lẹ́nu: Pew Research Center ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde ní 2024 pé ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ewé tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2013 ni kò sí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ilé ọnà kan tún ojúlé rẹ̀ kọ́, líǹkì ògbólógbòó sì ń já sí òfìfo. Fún ìdí èyí, wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà tí ilé ọnà fi forúkọ ère sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ líǹkì rẹ̀, torí ojúlé lè yí, nọ́ńbà yẹn kì í sábà yí. Olùṣọ́ ọ̀sẹ̀ tún máa ń gbé ojú ewé kọ̀ọ̀kan lọ sórí Wayback Machine ti Internet Archive, èyí tó ti wà fún gbogbo ayé láti 2001, á ní kó ya ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́, á sì lẹ líǹkì ẹ̀dà mọ́ ti àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú kan ni. Ọ̀fẹ́ ni.

Ní ti ta ló ni ín, wọ́n ti kọ́gbọ́n lára ẹni tó lọ sí Kánádà. Ímeèlì gúrúùpù ló ni ṣíìtì náà, kì í ṣe ti ẹnìkan. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́ta ní ìlú mẹ́ta. Ní ìparí sáà, wọ́n á sọ ọ́ kalẹ̀ bíi CSV sórí fláàṣì méjì. Àgùnbánirọ̀ náà ti parí ọdún rẹ̀, ó ti padà sílùú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó kọ àlàyé sínú ètò náà ní Yorùbá, ìlà lórí ìlà, ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sì ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan láìpe ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá gba ọ̀dọ́ láti bá yín kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí àlàyé inú rẹ̀ wà ní èdè tí ẹni tó máa jogún rẹ̀ ń sọ.

Fídíò ni wọn kò tíì yanjú. Wayback Machine kì í sábà mú fídíò YouTube dúró, àwọn tó sì ń gbé ìjálá àti rárà sórí YouTube máa ń pa á rẹ́ nígbà tó bá wù wọ́n. Àwọn kan nínú gúrúùpù fẹ́ máa sọ gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ sórí fláàṣì. Màmá ní rárá, pé àwọn bàbá tó wà nínú fídíò yẹn ní ọmọ, ohùn wọn kì í ṣe ti ẹni tó ní dátà. Ibi tí wọ́n dé báyìí ni pé èyí tí ọmọ gúrúùpù fúnra rẹ̀ yà, tí ẹni tó ń kì í sì gbà lẹ́nu rẹ̀ nínú fídíò náà pé kí wọ́n fi kọ́ ọmọ, ni wọ́n ń tọ́jú. Fún ìyókù, líǹkì nìkan ló wà nínú ṣíìtì, pẹ̀lú orúkọ apohùn àti ìlú rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ lè lọ bá a nílé.